Irin Ṣeé Gbé

Òórùn irin tó ti dógùn-ún àti ti ìpara tó ń ta ni lára ló kọ́kọ́ máa ń kí ni káàbọ̀ ní jíìmù tí mò ń lọ nígbà náà, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà mí lọ́kàn: bí màá ṣe máa dúró gbé irin nílẹ̀. Ṣé kí n ya ẹsẹ̀ gbàgà, kí ọwọ́ mi wà láàárín wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní súmò, àbí kí n mú ẹsẹ̀ súnmọ́ra, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe? Kóòṣì wa ní súmò ló bá ẹ̀yìn mi mu, torí ìjókòó ọ́fíìsì àti ìrìnàjò Èkó lójoojúmọ́ ti bà á jẹ́. Àmọ́ bí mo bá ti ya ẹsẹ̀ báyìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á pariwo pé, "Brọ̀dá, ṣé ìrọbí ti dé ni?" Ọ̀rẹ́, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ náà títí dé ibi iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú ìyàwó méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ kí àwọn òbí mi ní Àgbówà, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá mi lápá òsì nígbà yẹn. Ìyá mi ti lọ sọ́jà Èjìnrìn. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ láti inú balùwẹ̀, mo sáré wọ ibẹ̀: ó ti yọ̀ lórí àpótí ìwẹ̀, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ níhòòhò, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan wá ohun tó máa fi bo ara. Má fi mí rẹ́rìn-ín o, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ mi rèé. Mo fẹ́ ya ẹsẹ̀, àyè ò gbà mí láàárín ògiri méjèèjì. Mo mú ẹsẹ̀ súnmọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ́wọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, mo fà. Ọṣẹ jẹ́ kó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ké nítorí èjìká òsì. Bẹ́ẹ̀, irin tó wúwo jù ú lọ fíìfíì ni mò ń gbé ní jíìmù!

"Bàámi, ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ará ilé kejì."

"O ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Bọ́ síta, kọ ẹ̀yìn sí mi."

Mo jáde. Mo na tówẹ̀lì sí i láìwẹ̀yìn, mo sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, apá mi méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mò ń gbọ́ omi tó ń kán. Mo mọ̀ pé òtútù ń mú un, n ò sì lè ṣe nǹkan kan, ni ẹkún bá gbọ̀n mí. Ìgbà tó yá, ìyá mi dé. Ó tú ọ̀kan nínú ìró rẹ̀, ó wọlé, ó fi wé e, lẹ́yìn náà ló tó pè mí. A jọ gbé e dìde ni. N ò tilẹ̀ mọ bí mo ṣe dúró.

Bàbá mi ṣì wà láyé. Súmò ni mo padà mú ní jíìmù, kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọwọ́ kan ni bàbá mi fi ń gbé mi jáde nínú omi, ìhòòhò ni mo sì máa ń wà, ojú ò tì mí. Mo ti lágbára tó láti san án padà fún un báyìí, àmọ́ kò ní gbà á lọ́wọ́ mi.