Màrìwò Ojú Ọ̀sà

Ìyá rẹ ló ní kí a lọ. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ọjọ́ Sátidé. Ó wa ọkọ̀ láti Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú wá kí mi ní Ẹ̀pẹ́, ó ní wọ́n ti ṣí ibi ìgbádùn kan sí etí ọ̀sà, kí n wá wo ayé. Mo ní mo ti wo ayé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa rí ẹṣin, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi." Èmi tí ìyá mi bí sínú ọkọ̀ ojú omi.

Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe.

Bí a ṣe dé ẹnu géètì ni mo ti mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni èbúté tí èmi àti ìyá mi ti máa ń dúró de àwọn apẹja láàárọ̀, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú wa ra ẹja. Ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà, ó ń mu wá dé orúnkún. Wọ́n ti fi típà da yanrìn bò ó, wọ́n sì mọ odi yí i ká, àfi bí ẹni pé ọ̀sà fẹ́ sá lọ.

Ọmọ tó ń ṣọ́ géètì ní oúnjẹ òde kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹran Iléyá tí mo dín ló wà nínú kúlà. Mo bi í pé, "Nínú èmi àti ìwọ, ta ni ará òde?" Ó ní, "Màmá, òfin ni." Ìyá rẹ gbé kúlà padà sínú ọkọ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n má bá wọn jà lọ́jọ́ ọdún. Oòrùn pa ẹran yẹn títí ó fi kan.

Ohun tí mo rí nínú ibẹ̀ nìyí. Ẹṣin kan wà tó rù, tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Wọ́n ń gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, wọ́n ń fà á yípo ojú kan. Jangílọ́fà wà. Agbòjò ńlá ńlá wà tí àwọn èèyàn sùn sábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan bí aláìsàn. Orin ń han. Ẹja tí wọ́n ń yan, inú fírísà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹja fírísà, ní Ẹ̀pẹ́, létí omi. Èyí tó burú jù ni nǹkan kan tó dà bí ọ̀kadà tó ń sáré lórí omi, tó ń pariwo, tó ń da omi rú.

Ọ̀kadà omi yìí ni mo ń wò tí mo fi rí i tó ya lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹja àbúrò mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ọgbà ẹja jẹ́. Ẹ̀ka igi ni a ń rì mọ́ ibi tí omi kò ti jìn, á pọ̀, á ṣù pọ̀ bí igbó. Ẹja á wọ inú rẹ̀, á máa gbé ibẹ̀, á máa tóbi. Olówó rẹ̀ á so màrìwò mọ́ igi tó ga jù, kí gbogbo apẹja lè mọ̀ pé ó lẹ́ni tó ni ín. Kò sí apẹja tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ àbúrò mi kò jẹ́ kó lọ sójú ibú mọ́. Ọgbà yẹn ló ń jẹ láti ọdún dé ọdún.

Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn wá. Ọmọkùnrin kan tó fi awò dúdú sójú ló wá. Mo ní kó sọ fún ọ̀kadà rẹ̀ kó jìnnà sí igi yẹn.

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. A máa fa àwọn pàǹtí yẹn tu. Ó ń ba ojú omi jẹ́."

"Ó lólówó."

"Ṣé ó ní ìwé?"

"Ta ló fún ọ̀sà níwèé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àná ni ó yẹ kí wọ́n ti fà á, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ nítorí nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ọ́n. Kí ni wọ́n so síbẹ̀ yẹn?"

Mo ti kírun méjì lọ́jọ́ náà. Mi ò lè purọ́. Mo ní, "Màrìwò ni. Bó bá dá ọ lójú, lọ tú u."

Ó ní kò burú, ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ àwọn á wá gbàdúrà sí i, wọ́n á sì fà á.

Ilé àbúrò mi ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja yẹn kò tíì tó. Ó ku oṣù méjì."

"Oṣù méjì wo? Pásítọ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la."

"Kí ni pásítọ̀ ń wá nínú ẹja mi?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé, kò rẹ́rìn-ín. Ó bo ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a kírun Àsùbá tán, a lọ kó ẹja náà kí wọ́n tó dé. Àwọn ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ta àwọ̀n yí ọgbà ká, wọ́n ń fa ẹ̀ka igi yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sún àwọ̀n mọ́ra. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mò ń gba apẹ̀rẹ̀. Epìyà pọ̀, ọ̀bọ̀kún díẹ̀, àmọ́ ìdajì rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Tẹ́lẹ̀, a máa ń dá kékeré padà. Ibo la fẹ́ dá a padà sí?

Àwọn tó sùn síbi ìgbádùn mọ́jú jí, wọ́n tò sí etí omi, wọ́n ń fi fóònù yà wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré la ń ṣe fún wọn. Ọ̀gá náà kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ omi wá bá wa.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àlejò fẹ́ jẹ nínú ẹja yìí. Ẹ tà á fún wa."

"A ò tà."

"Iye tẹ́ ẹ bá pè ni, Màmá."

"Mo ti pè é. A ò tà. Lọ yọ ti inú fírísà."

Àbúrò mi ló tú màrìwò náà fúnra rẹ̀, ó fẹ́ jù ú sómi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀, mo so ó mọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, mo ta á ní kókó méjì. Gbogbo wọn rí mi. Ọ̀gá náà ń wò mí.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ àbúrò mi gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ọ̀kadà náà ṣì dúró sójú kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, màrìwò ti gbẹ lára rẹ̀. Mo ti yan ẹja kéékèèké yẹn gbẹ, mo gbé e lọ fún àbúrò mi. Kò jẹ ẹ́. Ojú omi tó ṣófo ló ń wò.