Ọwọ́ Òsì Tí Mo Fi Ṣílẹ̀kùn fún Ìyàwó

Òórùn igi ìrókò tí irin gbígbóná ń lu ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó dà bí ìgbà tí èèpo iṣu bá jóná díẹ̀ lórí ẹyín iná. Kò burú, kò sì dára, ṣùgbọ́n ó gba gbogbo ilé wa l'Ọ̀kà lọ́jọ́ náà, láti iwájú títí dé ibi tí a ti ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ti yá oòrùn títí, ooru rẹ̀ sì ń fẹ́ bọ̀ lára wa. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò, tó fi aṣọ di irun rẹ̀ nítorí ekuru, ló gun àga, tó ń lu ihò sára ilẹ̀kùn tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn nígbà ayé rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ni àbígbẹ̀yìn mi ń fẹ́. Ọmọ Ṣúpárè ni, Ìkàrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fi ẹ̀rọ sí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn, irú ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ tàbí káàdì lèèyàn fi ń ṣí i.

Ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé wàá bi mí ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá nílé arúgbó tó ń yan gàrí. Kọ́kọ́rọ́ ló fà á. Àkọ́bí mi àti èyí tó tẹ̀ lé e, àti ìyàwó wọn, àti àwọn ọmọ, gbogbo wa la jọ ń gbé, kọ́kọ́rọ́ kan ló sì wà fún ilẹ̀kùn kan. Ẹni tó bá kẹ́yìn jáde á mú un lọ sóko tàbí sọ́jà Ìkàrẹ́, àwa yòókù tá a bá tètè dé á wá jókòó sórí pèpéle bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò retí. Bí a bá gé òmíràn, wọ́n á sọ ọ́ nù. Nígbà tí àwọn ọmọ tún ilé ṣe, tí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé, àbígbẹ̀yìn mi ní òun mọ ẹni tó lè bá wa yanjú ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú yẹn kò jọ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà kan gbogbo irin rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tán, ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó ní, "Rárá o, Ìyá. Àwọn ilẹ̀kùn yìí ò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn." Ó ní kí n sọ orúkọ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣé ilẹ̀kùn náà ń jẹ́ orúkọ ni? Ó ní bí kò bá jẹ́ orúkọ, báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ èyí tí òun ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ wọ́n lórúkọ: Ojúde, Ẹ̀yìnkùlé, Yàrá Bàbá, Ilé Gàrí. Ó wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí ta ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ìgbà wo ló ń wọlé, ta ni kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí kò sí ẹni tó bi mí rí. Mo sọ fún un pé ní ọ̀sán, Ojúde kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń gbà kọjá lọ pọn omi lẹ́yìn ilé. Ó ní kò sí wàhálà, òun á ní kó máa wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, lẹ́yìn náà ni kó máa béèrè ìka. Yàrá Bàbá, mo ní èmi nìkan. A wá dé Ilé Gàrí, níbi tí mo ń kó ẹja gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ sí.

"Gbogbo obìnrin ilé," mo ní. "Ṣùgbọ́n má fi àkọ́bí mi sí i."

"Bọ̀dá àgbà? Tí ọmọ wọn ti wà nílé ìwé gíga?"

"Àwọn gan-an. Ọwọ́ wọn kì í jìnnà sí ẹran."

Àkọ́bí mi tó ń gé èékánná lórí pèpéle gbọ́ ọ. "Màámi! Ẹ̀rọ lẹ wá fi lé mi báyìí?" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó ti yọ yín."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìka. Kálukú nínú àwa àgbà ń fi ìka lé ojú ẹ̀rọ, ó ń gbà á. Tèmi ò gbà. Àtàǹpàkò ọ̀tún, kò gbà. Ìka tó tẹ̀ lé e, kò gbà. Ọwọ́ yẹn ni mo fi ń yí gàrí nínú agbada láti ìgbà ọmọge mi, iná ti pa gbogbo ìlà ara rẹ̀ rẹ́, ó ń dán bí àwo. Ọmọbìnrin náà fi aṣọ nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, pàbó. Ó wá rọra fa ọwọ́ òsì mi, ó gbé ọmọńdinrín rẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ náà tan iná àwọ̀ ewé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà bí ẹni tí iná jó.

"Èmi? Kí n máa fi ọwọ́ òsì ṣí ilé ọkọ mi?"

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣáà wà níbẹ̀, Ìyá. Káàdì lẹ ó máa lò." Káàdì náà ni mo sì ń lò, mo máa ń so ó mọ́ etí ìró mi. Nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó àgbà, ìyàwó àkọ́bí mi, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìka ọmọbìnrin náà nìkan ni kò sí nínú ẹ̀rọ. Mo ní, "Ìka ìyàwó tí a ò tíì fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wọlé." Ọmọbìnrin náà tẹrí ba, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e dé láti Ṣúpárè, nígbà tí àpáta ti ń pọ́n bí epo. Ìwọ náà mọ̀ pé ọkọ kì í sí nílé tí ìyàwó bá ń wọlé, nítorí náà àbígbẹ̀yìn mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ sí Ìkàrẹ́. Àwa obìnrin nìkan ló kù. Bí a ṣe gbọ́ fèrè ọkọ̀, gbogbo wa tú jáde, kò ku ẹnìkan nínú ilé. Ilẹ̀kùn rọra padé lẹ́yìn wa, ẹnikẹ́ni ò wẹ̀yìn wò.

Mo bu omi tútù sínú igbá tuntun, mo fi ọwọ́ ọ̀tún dà á sí ìyàwó lẹ́sẹ̀, tí mo ń ṣàdúrà, tí àwọn obìnrin ń ṣe àmín, tí wọ́n ń kọrin. Ó bo orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Mo wá yíjú padà kí n ṣílẹ̀kùn wọlé. Ilẹ̀kùn kò mì. Oòrùn ti wọ̀, ó ti di àsìkò tí Ojúde ń béèrè ìka.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ. Àwọn tó gbé ìyàwó wá rò pé eré ni à ń bá wọn ṣe. "Ẹ̀yin ìyàwó ilé, a ti mọ eré yín, ẹ ṣílẹ̀kùn jàre!" Mo wá káàdì mi, kò sí. Mo ti pààrọ̀ aṣọ, káàdì wà létí ìró tí mo bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó àgbà fi ìka lé e, epo ọbẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná pupa. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó tún fi lé e, pupa. Ìyàwó ọmọ mi kejì fi tirẹ̀ lé e, iyán tó ń bù ṣì lẹ̀ mọ́ ọn níka, pupa. Ẹ̀rọ náà fi igbe ta, ó sì dákẹ́ pátápátá.

Ohùn kan jáde lábẹ́ ìbòrí ìyàwó. "Ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀. Àmọ́ bó bá tún rí ìka tí kò mọ̀, yóò ti ara rẹ̀ pa fún ìgbà pípẹ́."

"Ẹ pa iná ilé, bóyá á ṣí!" ẹnìkan ní.

"Bátìrì sólà ló ń gbé e ró, inú ilé ló sì wà," ìyàwó ní.

"Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

Èmi ni mo dáhùn ìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ti irin ibẹ̀ láti inú, nítorí àwọn tó ń yọ́ wọlé wá tọ́ ẹran wò. Kọ̀ǹpútà tí ìyàwó fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ sì wà n'Íkàrẹ́.

Àbúrò ìyá ìyàwó ni olórí àwọn tó sin ín wá, obìnrin gíga, tí ohùn rẹ̀ ń ró. Òun ló kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín. "Àna wa, ọmọ wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan yìí mọ́ ilẹ̀kùn yín. Ṣé òun náà ni nǹkan ọ̀hún wá ń tì síta?" Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ ní àmì ni. Ẹlòmíràn ní kò sí ohun tó burú, ọkọ̀ àwọn ṣì wà níbẹ̀, kí àwọn mú ọmọ àwọn padà sílé títí di ọ̀la.

Ní ilé tiwa, ẹsẹ̀ tí a bá ti fi omi wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kì í padà tẹ títì. Bí ọkọ̀ yẹn bá fi lè gbé e padà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ilé kọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ náà á sì máa tẹ̀ lé ọmọ tó bá bí. Mo wo ọmọ náà. Ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, èjìká rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Mo mọ ohun tó kù. Ọwọ́ ọ̀tún mi, tí ẹ̀rọ kò mọ̀, ń kán omi tótó. Òsì gbẹ, nítorí òun ni mo fi gbá ìró mi mú. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọwọ́ òsì gba ìyàwó? Níwájú àna? Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fara bo ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni má rí i, mo sì rí i pé ohun tí a bá fi pamọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mìíràn ni yóò dìjà.

Mo ní, "Àna mi, ọ̀nà kan ló kù, kò sì dára lójú. Ìka ọwọ́ òsì mi ni ẹ̀rọ yìí mọ̀."

Àbúrò ìyá ìyàwó sún mọ́ mi.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀?"

"Ọwọ́ òsì."

"Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ òsì gba ọmọ tí a fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́?"

O mọ̀ pé èmi kì í yára sọ̀rọ̀. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i, bó ṣe tutù yẹn. "Rárá. Ẹ gbé ọwọ́ ọmọ yín lé eléyìí. Ọ̀tún ló ń gba ìyàwó. Òsì kàn fẹ́ bá ilẹ̀kùn jà ni."

Ó wò mí títí. Mo rí i tí etí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, tí kò lè ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọwọ́ ìyàwó, ó gbé e lé tèmi. Mo fa ọmọ náà mọ́ àyà, mo sì gbé ọmọńdinrín òsì lé ẹ̀rọ. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ilẹ̀kùn mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ṣí.

Ariwo tó sọ, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè. Àna mi gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún! Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ ti fẹ́ pa mí!" Ìyàwó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, àna mi sì fi ijó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti Ìkàrẹ́ dé, tí wọ́n gbọ́, àkọ́bí mi gbọ́wọ́ sókè. "Ọlọ́run ṣeun! Kì í ṣe èmi nìkan ló ń lé."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá láti Ọ̀bà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi ilẹ̀kùn tí ìyàwó lè ṣí àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Mo ń fi orí gbá a ni, mo ń fi ẹkún kọ́ ọ. Ọmọ yìí jókòó sórí ẹní, ó béèrè gbogbo rẹ̀, ó mọ ẹni tó ń tètè wọlé, ẹni tó ń pẹ́ níta, ẹni tó ń jí ẹran. Mo ti rò pé ẹ̀rọ tí a fi ń lé ènìyàn ló gbé wá fún wa. Àṣé ẹni tó bá bi ọ́ pé ta ló ń wọlé níbí, ó fẹ́ mọ àwọn tí ẹ jọ ń gbé ni. Ọjọ́ tí mo rò pé ó wá kan irin ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ara ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, tó ti bọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́, tó ń fi aṣọ nu ẹ̀rọ náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi epo ra ojú ilẹ̀kùn wa."

Èmi, "ilé yín" ni mo ń bá ìyá ọkọ mi sọ títí àkọ́bí mi fi ń rìn. Mo wọlé lọ wá aṣọ gbígbẹ wá, mo sì bá a nù ún.