Ẹ̀rín Inú Tẹlifíṣọ̀n

Mo rántí òórùn tẹlifíṣọ̀n wa. Tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbóná, eruku inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gbogbo pálọ̀ á wá máa rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó. Òórùn yẹn ni ìrọ̀lẹ́ Sátidé lójú mi. Ìbàdàn la wà, ní àwọn ọdún tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ìjọba tí kò rìn kọjá Ìlọrin rí láyé rẹ̀, ó sì ra tẹlifíṣọ̀n onígi kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, inú àpò bàbá mi ló ń gbé.

Kì í ṣe pé àárò ló ń sọ mí tí mo fi ń sọ èyí. Inú ló ń bí mi. Àwa tí a jọ jáde ilé ìwé girama ní ẹgbẹ́ kan lórí Wasáàpù, ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Padova sì fi fídíò eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ wo ìgbà èwe wa! Ayé dùn nígbà yẹn o.” Inú tírámù ni mo wà, mò ń ti ọjà bọ̀, mò ń lọ sílé mi ní San Salvario níbí ní Torino, ní Italy. Mo tẹ̀ ẹ́ láì ronú. Ẹ̀rín bú jáde nínú fóònù mi, ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn tí a kò rí, ìyá arúgbó tó jókòó tì mí sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé nǹkan ayọ̀ ni. Mo pa á. Bí mo ṣe ń sáré tẹ̀ ẹ́, tòmátì yí bọ́ sílẹ̀ láti inú àpò mi.

Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà náà, ìrọ̀lẹ́ ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣí. Tí wọ́n bá ti ka ìròyìn tán, eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kù títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. A rí ilé ńlá tó ní àtẹ̀gùn láàrin pálọ̀, a rí ìránṣẹ́bìnrin tó dé fìlà funfun, a rí ọlọ́pàá tí kò gbé ìbọn, a rí òjò tí kì í dá. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo bi ìyá mi ìdí tí a kò fi ní ààrò nínú pálọ̀ bí ti àwọn òyìnbó. Ìyá mi tó ń làágùn nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé wò mí títí, ó kàn na ṣíbí ọbẹ̀ sí mi pé kí n máa rò ó lọ.

Bàbá mi ló fi òfin lélẹ̀. Bí eré Gẹ̀ẹ́sì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá nínú pálọ̀ yẹn. Ó ní kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn, á gbé tíì oníwàrà síwájú, á jókòó gbọnrangandan bí ẹni pé àwọn inú tẹlifíṣọ̀n náà ń wò ó padà. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì máa ń béèrè pé, “Kí ni wọ́n wí? Kí ni obìnrin yẹn ń sunkún sí?” Bàbá mi á ní kí wọ́n lọ sinmi nínú yàrá. Ìyá tó bí i! Nínú ilé ọmọ wọn! Mo ti di ìyá àgbà fúnra mi báyìí, mo ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń di ògiri mú lọ sínú yàrá yẹn.

Eré kan wà tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn jù, òun ló wà nínú fídíò yẹn. Àwọn ará ilé kejì á wá dúró lójú fèrèsé wa láti wò ó. Eré apanilẹ́rìn-ín ni. Ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe é, òyìnbó ló kún ibẹ̀, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn. Bí ó bá ti wọlé báyìí, wọ́n á bi í bóyá orí igi ló sùn mọ́jú, tàbí kí wọ́n ní ta ló sè jẹ lálẹ́ àná. Wọ́n á pè é ní orúkọ tí n kò lè kọ síbí. Ẹ̀rín á sì bú láti inú tẹlifíṣọ̀n. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn kò yé wa, ẹ̀rín yẹn ló ń sọ fún wa ìgbà tó yẹ kí àwa náà rẹ́rìn-ín. A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa jáde lójú wa. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé àwa ni ọkùnrin dúdú yẹn. Lójú tiwa, àwa ni òyìnbó inú eré náà.

Nígbà tí ó yá, àbúrò bàbá mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti ń fi wọ́n yangàn níbi iṣẹ́. Gbogbo wa ń retí ọkùnrin kan tó máa wọ kóòtù, tí á máa sọ̀rọ̀ bí àwọn inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó wọlé ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé àpótí kan ṣoṣo, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀, tí kò sì fẹ́ sọ ohunkóhun ju Yorùbá lọ. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn ló ń gba owó ọkọ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá bi wọ́n pé, “Ṣé bí a ṣe ń wò ó yìí náà ni Lọ́ńdọ̀nù rí?” wọ́n á ní, “Òtútù wà níbẹ̀,” wọ́n á sì dìde lọ síbòmíràn.

Ní Sátidé tí Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ bá wa jókòó wo eré náà, ilẹ̀ ni mo wà nítòsí ẹsẹ̀ wọn. Ọkùnrin dúdú inú eré wọlé, wọ́n pè é ní orúkọ burúkú yẹn, ẹ̀rín bú nínú tẹlifíṣọ̀n, ó bú nínú pálọ̀, ó bú lójú fèrèsé. Mo rí i tí Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn sábẹ́ àga.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á.”

Bàbá mi kò yíjú padà. “Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.”

“Mi ò ní í sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n pe ọkùnrin yẹn, ohun tí wọ́n ń pe èmi náà nìyẹn. Ojoojúmọ́. Obìnrin kan ju owó ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa á, ẹnì kan ké bí ọ̀bọ lẹ́yìn mi, gbogbo bọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín.” Wọ́n nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. “Irú ẹ̀rín yìí gan-an.”

“Ẹ̀fẹ̀ ni,” bàbá mi wí. “Àwọn tó lajú máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìwọ ni ojú rẹ kò là, ìyẹn lo fi lo gbogbo ọdún yẹn lọ́hùn-ún tí o sì padà dé lọ́wọ́ òfo.”

Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù dìde, wọ́n sì pa tẹlifíṣọ̀n náà. Àwòrán rẹ̀ sún kì, ó di ìmọ́lẹ̀ kékeré kan láàrin gíláàsì, ó kú. Àwọn tó wà lójú fèrèsé pòṣé. Bàbá mi dìde, ó tún un tàn. Ó máa ń pẹ́ kí àwòrán tó jáde, nítorí náà gbogbo wa dúró, à ń wo gíláàsì dúdú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì wo ojú ara wọn. Bàbá mi ní, “Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó mọ ọ̀nà.” Àwòrán padà dé. Ẹ̀rín bú. Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù jáde nínú pálọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé àpótí wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi ńkọ́? Mò ń bínú sí wọn gidi gan-an, nítorí pé a kò rí ibi tí eré náà parí sí. Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni mí.

Màmá àgbà nìkan ló sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn bí bàbá mi ṣe ń de táì, wọ́n ní, “Nítorí àpótí oníná, o lé ọmọ mi jáde.” Bàbá mi ní kí wọ́n má pẹ́, ìsìn máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Màmá àgbà kò tún jókòó sínú pálọ̀ yẹn mọ́ títí tí wọ́n fi kú.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, èmi àti ọkọ mi wá sí Italy. Bergamo la kọ́kọ́ gbé. Mo rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò, èmi nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀ka tí mo wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní capo, pariwo láti òdìkejì ẹ̀rọ pé, “Sorridi, se no non ti vediamo!” Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní rí mi nínú òkùnkùn. Ẹ̀rín bú káàkiri. Èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, eyín mi hàn síta bí wọ́n ṣe fẹ́. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́tipẹ́. Nílé bàbá mi ni wọ́n ti kọ́ mi.

Nígbà tí mo jáde níbi iṣẹ́, n kò lọ sílé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń sanwó fi fóònù pe ilé ní Nàìjíríà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè. Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo pè. Mo pe Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí mo ṣe kí wọn tán ni mo bú sẹ́kún, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ máa ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì yẹn, tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín?”

Mo gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá wọn.

“Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín ni,” wọ́n wí. “Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí n kò lè ṣe é mọ́ ni mo padà wálé.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Mo tún wá bá ẹ̀rín yẹn nílé.”

Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tí capo bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dúró, màá wo ojú rẹ̀, màá ní, “Non fa ridere.” Kò pani lẹ́rìn-ín. Ó ní mo máa ń bínú jù, pé eré lásán ni. Kò pẹ́ tó fi gbé mi lọ síbi fífọ ẹ̀rọ, níbi tí òórùn kẹ́míkà ti ń ta sí mi lójú, n kò sì rí ẹnikẹ́ni lára àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tó la ẹnu gbèjà mi. N kò borí rẹ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni, a kó wá sí Torino, mo rí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì.

Gbogbo èyí ni mo fi ohùn sọ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó wà ní Padova dáhùn pé, “Ẹ má bínú, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n àwa kàn ń rántí ìgbà ọmọdé wa ni. Ẹ̀yin náà gbádùn rẹ̀.” Mẹ́ta nínú wọn fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo jáde nínú ẹgbẹ́ náà. Ọmọbìnrin mi tó ń gbọ́ mi láti ilé ìdáná bi mí pé, “Mamma, ma sei ancora arrabbiata?” Ṣé mo ṣì ń bínú ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń bínú, kó bu oúnjẹ rẹ̀ jẹ.

Bàbá mi ti kú. Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù náà ti kú, wọ́n sin wọ́n sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí èmi ń to aṣọ ìbora nínú hòtẹ́ẹ̀lì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò sì tún jókòó sójú kan náà mọ́ láyé. Òótọ́ ni ohun tí obìnrin Padova yẹn sọ, mo gbádùn rẹ̀. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni nìyẹn. Bí mo bá di ojú báyìí, mo ṣì lè kọ orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré náà láti òkè délẹ̀, mo ṣì mọ fìlà tí olúkúlùkù òyìnbó inú rẹ̀ máa ń dé. Ṣùgbọ́n n kò ní fọ́tò Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù kankan, bí mo bá sì ń wá ojú wọn nínú ọkàn mi, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo ń rí.