Ọjọ́ Tí Fóònù Mi Fẹ̀yìn Tì

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níléeṣẹ́ ìjọba l'Abuja kò ju pé kí n mọ ọjọ́ tí oníkálùkù máa relé. Ẹni tó bá pé ọgọ́ta ọdún, tàbí tó ti fi ọdún márùndínlógójì sin ìjọba, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, ọwọ́ mi ni ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ń jáde. Ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ wọṣẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò ṣì í kà rí. Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ fi oṣù díẹ̀ kún tiwọn á rojọ́ títí, èmi á kàn ṣí fáìlì, màá na ìka sí ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tí ìyàwó mi àti ọmọ wa kan ṣoṣo lọ sí Kánádà, mo ra fóònù tuntun ní Wuse kí n lè máa rí wọn. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan, ará Ìlọrin, ló tà á fún mi. Ó ní ọdún mẹ́ta ni àwọn tó ṣe é máa fi bá a tún ètò inú rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á jáwọ́, àwọn áàpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Inú mi dùn. Ọdún mẹ́ta náà ló kù kí èmi fẹ̀yìn tì, kí n lọ bá wọn. Mo ka ọdún mẹ́ta síwájú láti ọjọ́ tí mo rà á, mo kọ ọ́ sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi àti fóònù á jọ gba ìwé wa lọ́dún kan náà.

Yàrá mẹ́ta ni ilé mi ní Kabusa. Mo ti méjì pa, torí ta ni mo fẹ́ máa gbá a fún? Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń rí èèyàn mi. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, màá pe ọmọ mi kí n rí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti máa ń to ohun tí mo fẹ́ sọ fún un jọ.

Lọ́dún yìí, ìkìlọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: bí oṣù bá ti parí, áàpù tí mo fi ń pè é kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí ètò àtijọ́ tó wà nínú fóònù mi. Ẹ̀rín pa mí. Mo wo bébà mi, ó ku oṣù mẹ́wàá gbáko. Ìyàwó mi ní kí n tètè ra òmíràn, pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Mo ní kó má kọ́ mi níṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, áàpù ò ṣí. Ó ní kí n gba tuntun, fóònù ní òun ò lè gbé e. Mo pa á, mo tún un tàn. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Inú kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, torí mo rí i pé ní gbogbo Abuja, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe torí fáìlì.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ bá bàbá onírùngbọ̀n.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọdún mẹ́ta," mo wí. "Kò tíì pé."

"Alàgbà, ó ti pé. Ọjọ́ tí irú ẹ̀ kọ́kọ́ jáde sọ́jà ni wọ́n ti ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ó ti lo bí ọdún kan nínú páálí kó tó dọ́wọ́ yín. Àwọn tó ni áàpù náà sì ní ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀."

"Ta ló wá lo ọdún kan yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó lò ó, Alàgbà. Ó kàn lọ ni."

Mi ò ra òmíràn. Mo fìbínú padà sílé. Mo fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ̀wé sí ìyàwó mi pé àwọn tó ṣe fóònù ló ṣì í kà, kó sọ fún ọmọ pé mò ń bọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kejì kọjá bẹ́ẹ̀. Mo gbá àwọn yàrá tí mo tì pa. Àárò ọmọ mi sọ mí débi pé mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sunkún. Kí ìkẹta tó dé, mo ti padà sí Wuse, mo ra tuntun láìjiyàn.

"Daddy, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ọmọ mi wí. Ó ti dàgbà sí i lójú mi, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Mo sọ bí mo ṣe ṣì í kà fún un, mò ń rẹ́rìn-ín ara mi. Kò rẹ́rìn-ín.

"Daddy, three years tiyín náà ti pé."

"Èwo nìyẹn?"

"Èyí tẹ́ ẹ sọ. Ẹ ní tó bá ti pé three years, ẹ máa wá."

"Ó ku oṣù mẹ́wàá, ọmọ mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ bàálù ni mo ti ń kà."

"Èmi ò mọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni mo ti ń kà. That time tí mò ń sunkún, tí ò sí light."

Mo rántí. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn alẹ́ yẹn kí físà wọn tó jáde. Mo sọ ọ́ kó lè sùn ni, mi ò sì sọ ibi tí kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Ṣé o ti wá ń retí mi láti bí oṣù méjì?"

"Mo retí yín. Mo mark ẹ̀ sí calendar." Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. "But mi ò count mọ́."

Ìyá rẹ̀ pè é láti ilé ìdáná pé kó wá jẹun. Ó ní, "Bye, Daddy," ó dìde, kò rántí pa fóònù. Ojú fóònù tuntun náà mọ́ gaara ju ti àtijọ́ lọ. Mo rí àga tó dìde lórí rẹ̀, mo rí òdòdó ara tìmùtìmù rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé e dání, mò ń wo àga náà, títí ẹnì kan lọ́hùn-ún fi kọjá tó pa á.