Ìyá Onígbakọ àti Oúnjẹ Onítáì

Aláàánú ni wọ́n ń pè é, òótọ́ sì ni. Ìgbakọ rẹ̀ kì í wọnú ìkòkò kó má jáde ní kíkún, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Onígbakọ. Nínú gbọ̀ngàn kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, níbi tí abẹ́rẹ́ ṣì ń yọjú láàárín pákó ilẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bọ́ àwọn tí kò ní: arúgbó, aláìsàn, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláàánú náà nikùn o, ohun kan sì wà nínú ikùn yẹn tí kò dà láti ọjọ́ pípẹ́.

Kó tó ní gbọ̀ngàn, alásè ni nílé oúnjẹ Onítáì. Ọ̀gá náà kì í bọ́ táì lọ́rùn, ì báà jẹ́ ìdí ààrò ló dúró sí, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá fi táì sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń da oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn nù níbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dun Ìyá Onígbakọ wọra. Lọ́jọ́ kan, ó bu ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ dà nù sínú ọ̀rá, kó lè gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ tó wà lórí àìsàn. Onítáì ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: ìrẹsì, ìyarun, oògùn, àti yẹ̀rì kan tó ń gbé lọ fọ̀.

“Ọjọ́ gbogbo ni tolè,” ló pariwo, “ọjọ́ kan ni tolóhun! Ẹ wá wo ẹni tó ń sè fún yín!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan fa àpamọ́wọ́ tirẹ̀ mọ́ra. Ìyá Onígbakọ ṣa ẹrù rẹ̀, ó fi ìrẹsì sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ò sì rí nǹkan kan jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tó yá, ìjọba ìlú ṣòfin. Ilé oúnjẹ ńlá kankan kò gbọdọ̀ da oúnjẹ tó ṣì ṣeé jẹ nù mọ́. Èèpo àti egungun, inú garawa aláwọ̀ ewé ni kí wọ́n máa dà á sí, fáwọn tó ń fi í ṣe ajílẹ̀. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n gbé e ní gbígbóná lọ fún ẹni tó ń bọ́ aláìní, kí ẹni náà sì buwọ́ lùwé pé òun gbà á. Bí kò bá dára, ó láṣẹ láti kọ̀ ọ́, wọn á sì dà á sínú garawa lójú ẹsẹ̀. Ilé oúnjẹ tí wọ́n bá kọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbàgbé ìwé àṣẹ. Ní gbogbo àdúgbò Onítáì, ẹnì kan ṣoṣo ni ìjọba yàn láti máa gba oúnjẹ.

Ìyá Onígbakọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Awakọ̀ ni Onítáì kọ́kọ́ rán. Obìnrin náà dá a padà. “Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tó loúnjẹ gan-an ni mo fẹ́ rí.” Bí Onítáì ṣe di ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò wọ gbọ̀ngàn nìyẹn, táì lọ́rùn, òógùn lójú. Ìyá Onígbakọ á ṣí ìdérí, á gbóòórùn, á fi ìgbakọ tú ìsàlẹ̀ ìkòkò bí ẹni tó ń wá ẹrù olè.

“Àpò yín ńkọ́, ọ̀gá? Ẹ fà á síta ká rí i. Ayé ti bàjẹ́.”

Ọkùnrin náà á fa àpò ṣòkòtò síta, àwọn tó tò á rẹ́rìn-ín, Ìyá Onígbakọ á sì sùn fọnfọn lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ oúnjẹ náà, ó sì jàre: ọbẹ̀ kan tutù bí omi ẹ̀rọ, ẹ̀wà kan ti ń yọ ìfóófòó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó gẹ́ẹ́,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Bá a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.”

“Ṣé èmi ni mo bí i ni?”

Nígbà tó wá ku ọ̀la kí wolé-wolé wá yẹ ìwé Onítáì wò, ọkùnrin náà gbé ìrẹsì àti adìẹ wá. Ó tètè dé, ó bò ó dáadáa, ìdérí ń làágùn. Ìkòkò ti gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ wà ní dídojúdé, torí pé oúnjẹ Onítáì ni wọ́n ń jẹ látìgbà tí òfin ti dé. Bàbá bíríkìlà ló wà níwájú, ẹni tí àkàbà já sílẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì nà mọ́. Ó ti na àwo rẹ̀ síwájú.

Ìyá Onígbakọ ṣí ìdérí. Ooru kọ lù ú lójú. Ó wá àléébù títí, kò rí. Yẹ̀rì rẹ̀ lórí tábìlì ló ń rí, àti obìnrin tó fa àpamọ́wọ́ mọ́ra.

“Ó ti tutù,” ló wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi!”

Onítáì kúnlẹ̀. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ìkòkò náà. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ilé oúnjẹ mi pa.”

“Nígbà tẹ́ ẹ tú yẹ̀rì mi fáyé wò, ta lẹ bi léèrè?”

Ó kọ ọ́ sórí ìwé pé òun kò gbà á. Ó fi aṣọ ìdáná di ọwọ́ méjèèjì, torí pé etí ìkòkò ń jóni, ó gbé e, ó sì dà á sínú garawa. Adìẹ ń já bọ́ lé ìrẹsì lórí. Onítáì gbé òfìfo ìkòkò, ó jáde láìwẹ̀yìn, táì rẹ̀ ti yí sí èjìká. Ó dùn mọ́ Ìyá Onígbakọ. N ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ ọn wọ egungun.

Ó mú ìgbakọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó yíjú sí àwọn tó tò.

“Ta ló kàn?”

Èéfín ṣì ń rú lẹ́nu garawa. Bàbá bíríkìlà wò ó, ó wo àwo ọwọ́ rẹ̀.

“Ìyá wa,” ló wí, “bó tiẹ̀ tutù, à bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”