Ewé Tí Mo Fi Ẹnu Tọ́ Wò

Ahọ́n mi ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni àyà mi fò lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún fò, bí ọkọ̀ tí epo ń tán nínú rẹ̀. Mo fi ìka méjì kan ọrùn mi, mo sì mọ̀ pé ewu ti dé.

"Maame, kí lẹ fi sẹ́nu?" ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní kíláàsì bi mí.

"Ewé ni."

"Ewé wo?"

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀."

Ọdún kẹta mi nìyẹn ní yunifásítì ní Kùmásì, nílẹ̀ Gánà, níbi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ nípa ewéko fún oyè àkọ́kọ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó gbà mí wọlé, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Maame, ìyá. Ṣáájú ìgbà náà, ìdí àtẹ ewé àti egbò ìyá mi ní ọjà Asafo ni mo wà. Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ewé tó mọ̀ kò lóǹkà. Yóò rún un lọ́wọ́, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi kan ahọ́n, yóò tutọ́, yóò sì dárúkọ rẹ̀. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ náà wà.

Lọ́jọ́ yẹn, ewé gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí là ń tò. Orúkọ ti já bọ́ lára méjì, àwọn méjèèjì sì jọra. Àwọn yòókù ń ṣí ìwé, wọ́n ń fi rúlà wọn ewé. Mo ní kí ni mo ń fi àkókò ṣòfò fún? Mo já etí ọ̀kan, mo rún un lẹ́nu.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi so wáyà mọ́ mi láyà nílé ìwòsàn. Dókítà ní igi olódòdó kan tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé ni, pé oró rẹ̀ ń ba ọkàn jà, pé ká ní mo jẹ ewé náà tán ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mo ní alhamdulilahi. Mo rò pé ó ti parí.

Olùkọ́ wa wá kí mi ní wọ́ọ̀dù. Obìnrin Àṣáǹtì ni, mo sì fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa.

"Maame," ó ní, "nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo kà fún yín, ṣé mo dárúkọ ahọ́n?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ́ kì í ṣe ti ẹ̀rín. N kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìwádìí mọ́ àfi tí dókítà bá kọ̀wé pé ọkàn mi ti yá, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé n kò ní tún irú rẹ̀ ṣe. Bí sáà bá parí láìrí bẹ́ẹ̀, oyè lọ nìyẹn. Ọjọ́ orí mi kò gba kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ, mo retí kó ṣàánú mi.

"Igi rẹ̀ ńkọ́, o rí i?" ó bi mí.

"Rárá, Ìyá. Orí páálí ni mo ti bá a."

"O mọ ẹni tó já a?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ewúrẹ́ ni ọ́ ni? Ewúrẹ́ gan-an á kọ́kọ́ gbóòórùn! Láti kékeré lo ti ń wo ẹnu mi, o ò wo ọwọ́ mi rí!"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ewé tí Ìyá kò bá rí igi rẹ̀, tàbí tí kò bá mọ ẹni tó já a, kì í kan ẹnu rẹ̀. Kó tó dé orí ahọ́n, ó ti mọ̀ ọ́n tán. "Ẹlẹ́rìí ni ahọ́n," ó ní, "kì í ṣe adájọ́."

Ojú tì mí. Mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀: ẹ̀yìn ewé, iṣan rẹ̀, oje rẹ̀, bó ṣe jókòó sára ẹ̀ka. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò lọ. Bí mo bá wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, ní ibùdókọ̀ Kejetia, ìka mi á ti wà lọ́rùn, mo ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà ni dókítà wo ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tó mi orí pé ọkàn mi ti yá, tó sì kọ lẹ́tà fún mi. Mo gbé e lọ fún olùkọ́ wa lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kà á, ó gbé e sílẹ̀, ó sì mú páálí méjì jáde. Ó ti lẹ orúkọ wọn padà, ó sì ti bò wọ́n. Àwọn méjì ọjọ́sí ni.

Mo mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo tẹ̀ba lé wọn, mo gbójú sókè.

"Èyí ló fẹ́ pa mí."

"Kí lẹ fi mọ̀?"

"Ewé mẹ́ta ló ń yọ lójú kan náà lára ẹ̀ka rẹ̀. Ti èkejì ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó ṣí ohun tó fi bo orúkọ náà, ó wò ó. "Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa wo ibẹ̀ kí ẹ tó wo ibòmíràn?"

"Ìyá mi ni. Ó ń tajà ní Asafo."

"Ẹ bá mi kí wọn." Ó ju aṣọ funfun tí a ń wọ̀ ní yàrá ìwádìí sí mi. "Ẹ wọlé, Maame. Ẹ pa ẹnu dé."

Mo wọ aṣọ náà. Nígbà tí mo dé bọ́tìnnì ọrùn ni mo tó rí i pé n kò tíì ka bí ọkàn mi ṣe ń lù láti àárọ̀.