Òkúta Ìpìlẹ̀ àti Ìrìbọmi Ìyá Ọkọ Mi

Ọkọ mi máa ń dúró níwájú dígí láàárọ̀ Sátidé, á máa mi ètè láìsí ohùn. Mo rò pé orin ìsìn ló ń kọ́, nítorí ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ ni ní Ọ̀kà, ìlú bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkàrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé kóòtù. Á gun kẹ̀kẹ́ lọ ní Mọ́ńdè, á sì dé ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè pẹ̀lú eruku lójú. Ètè rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, lẹ́yìn náà á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún pẹlẹbẹ, á fi fa ọrùn ara rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, á wá jẹ́ kí ọwọ́ náà já bọ́ sílẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀ ni mo rò pé ó ń yẹ̀ wò. Gẹ̀gẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni láàárín àwọn òkè wa nígbà náà, èèyàn kì í rìn jìnnà lọ́jà kó tó rí ọrùn tó wú. Mo bá lọ fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi kúrú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ ìfárí lọ. Ó mú ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń tẹ ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń yan ìbẹ́pẹ. Ó tẹ iwájú, ó tẹ ẹ̀gbẹ́, ó ní kó gbé itọ́ mì.

Ó ní, “Éè sí nǹkan kan níbí yìí, ìyàwó. Ẹ̀rù nìkan ló wà lọ́rùn ọma mi.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dúró jẹun kó tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, n kò mọ̀ ni.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín, mo ní láti sọ ohun tó wà láàárín èmi àti ìyá yìí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti bí mi, olórí kunkun sì ni mí. Ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ mi ní Ọ̀kà, òkúta ni. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó yọ jáde láti inú ilẹ̀, kò ga ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Òun ni ìdílé wọn máa ń da epo lé lórí nígbàkígbà tí ìyàwó ilé bá lóyún, ìyá ọkọ mi ló sì ń ṣe é. Nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́, ó gbé epo rẹ̀ wá pẹ̀lú ayọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo ní kó má dà á nítorí oyún mi, pé òkúta kì í mu nǹkan kan, Ọlọ́run ló ń dá ọmọ sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sunkún mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó kọjú sí òkúta náà láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Ó wá wọlé, ó ní, “Bí ọma yìí bá yè láìsí epo, irọ́ ni wọ́n ń pa fún àwa àtàwọn ìyá wa.”

Láti ọjọ́ náà, kò jẹun dáadáa mọ́ títí mo fi bímọ. Bí mo bá kọsẹ̀, á dìde dúró. Ẹ̀rù ń bà á fún mi, kò sì da epo. Mo bí obìnrin, ọmọ náà figbe bọnu bí ẹni tí wọ́n jà lólè, ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún méjì ló fi jókòó ní kíláàsì ìrìbọmi láàárín àwọn ọmọdé, tó ń fetí gba gbogbo ẹ̀kọ́ nítorí kò mọ ìwé. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé àdúrà kò tíì parí títí a ó fi pe orúkọ Jésù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó ṣèrìbọmi nígbà tí wọ́n wá fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun lélẹ̀. Pásítọ̀ kéde pé àwọn akọ̀wé àgbà kan ń bọ̀ láti Èkó, pé onígbàgbọ́ ni wọ́n, àwọn ni yóò fi òkúta náà lélẹ̀, wọn yóò sì fún wa ní páànù tí a ó fi bo orí ilé náà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Koríko la fi bo ti tẹ́lẹ̀, ejò sì ti já bọ́ látibẹ̀ sí àárín àwọn akọrin rí.

Kùrukùru bo òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a kò rí igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. A kò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. A kàn ṣàdédé rí ìbọ̀wọ́ funfun nínú kùrukùru náà ni, ọwọ́ méjìméjì láìsí ara, kí àwọn aṣọ dúdú tó hàn. Wọ́n tò ní méjìméjì, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Olúkúlùkù so awọ àgùntàn funfun mọ́ iwájú ṣòkòtò bíi bàǹtẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú ìborùn. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo rí ẹni tó tò sẹ́yìn pátápátá. Bàbá ọmọ mi ni, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàǹtẹ́ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Wọ́n fi irin onígun wọn òkúta náà. Wọ́n fi pákó wò ó bóyá ó tẹ́jú. Wọ́n ta okùn tó ní òjé nídìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olórí wọn mú òòlù onígi, ó lu òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òkè Ọ̀kà máa ń dá ohùn padà, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkè dá ẹyọ mẹ́ta padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, a tún gbọ́ ẹyọ kan. Mo wo ojú àwọn èèyàn, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo kà á.

Wọ́n wá da àgbàdo sórí òkúta náà. Wọ́n da wáìnì sí i. Ẹnì kẹta gbé ìgò kékeré kan, ó dojú rẹ̀ dé, òróró sì ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gbá ọwọ́ mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Olórí wọn gbàdúrà. Ó pe Ọlọ́run ní Ọ̀gá tó ya àwòrán ilé ayé, ó tọrọ àlàáfíà fún ìlú àti fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kó rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ṣe àmín, a lajú. Ìyá kò lajú. Ó dorí kodò, ó pa ojú dé, ó ń dúró de orúkọ Jésù. Àwọn àlejò ti ń tò padà wọ inú kùrukùru, ó ṣì ń dúró. Èmi ni mo fọwọ́ kàn án léjìká.

Mo ní, “Ìyá, wọ́n ti parí.”

Ó ní, “Wọn éè tíì pè é.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó pe ọmọ rẹ̀ sí ìyẹ̀wù, ó ní kí èmi náà jókòó.

“Ta ló kọ́ ọ láti da epo sórí òkúta, nígbà tí ìyàwó ẹ gba tèmi lọ́wọ́ mi?”

“Ìyá, òróró ni, kì í ṣe epo.”

“Ṣé òkúta mọ ìyàtọ̀ wọn?”

Ọkọ mi rọra ṣàlàyé. Ó ní Èkó lòun ti wọ ẹgbẹ́ náà, ṣáájú kí ìjọba tó gbé òun wá sí Ìkàrẹ́. Lọ́ọ̀jì ni wọ́n ń pe ilé ìpàdé wọn, Fìrímésìn ni àwọn òyìnbó tó dá a sílẹ̀ ń pe ara wọn. Kì í ṣe ẹ̀sìn. Bíbélì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì wọn. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwà rere àti àánú, pé ọkàn èèyàn dà bí òkúta págunpàgun tí a ń gbẹ́ títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Ìyá ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò pe Jésù?”

“Nítorí mùsùlùmí lè wà láàárín wa, Ìyá, Júù náà lè wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ló ní ìwé tó ń gbọ́wọ́ lé. Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń pè, kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi. Ní ilé ìyá mi ní Ìkàrẹ́, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó síwájú, mo rántí pé bí oúnjẹ bá délẹ̀, ẹnì kan á ṣe bísímílà, ẹnì kejì á pe Jésù, kò sẹ́ni tó ń sọ fún ẹnì kejì pé kó gbé orúkọ tirẹ̀ mì.

Ìyá ní, “Ẹ búra?”

“A búra.”

“Kí lẹ ní kó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ ọ́ síta?”

Mo wo ọkọ mi, mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó gbé e débẹ̀.

Ìyá ní, “Mo ti rí gẹ̀gẹ̀ náà.”

“Ìyá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni. Wọn kò gé ẹnikẹ́ni lọ́rùn rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ eré.”

“Bó bá jẹ́ eré, sọ ọ́ fún ìyá ẹ.”

Ọmọ mi jí lójú oorun, ó ń ké, ọkọ mi ló sì sáré lọ gbé e.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá ti ń sọ pé òun ń gbọ́ tí wọ́n ń lu òkúta náà. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wà lóko. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lù ú, àwọn bíríkìlà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń fọ aṣọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ẹyọ mẹ́ta, ó dákẹ́, ẹyọ kan. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ síbẹ̀ nínú oòrùn. N kò bá ẹnikẹ́ni. Àgbàdo wà lórí òkúta náà bí wọ́n ṣe dà á, ẹyẹ kò ṣa ẹyọ kan, òróró náà kò sì gbẹ. Àwọn èèrà tò yí i ká, wọn kò gun orí rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo rí, n kò sì ní parọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo sáré padà sílé, n kò sọ fún ìyá pé mo gbọ́ nǹkan kan. Ìtìjú ló mú mi, nítorí èmi ni mo sọ fún un pé òkúta kì í dá nǹkan kan lóhùn.

Síbẹ̀ ó lọ sí kíláàsì tó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìsinmi ìrìbọmi náà, ó wọ aṣọ funfun tí mo rán fún un, ó tò sí iwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ti fi omi sínú àwo. Pásítọ̀ bi í bóyá ó kọ gbogbo ohun tó ti ń bọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, àti gbogbo ẹ̀jẹ́ tó ti jẹ́ fún wọn.

Ìyá kò kọjú sí pásítọ̀. Ó yíjú sí ibi tí àwọn bàbá ìjọ jókòó.

Ó ní, “Ọma mi, wá dúró tì mí. Tèmi ti wà nílẹ̀, mo ti kọ̀ ọ́ láti ọdún kẹta. Wá kọ tìẹ, kí á jọ wọ ulé Ọlọ́run.”

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí ọmọ wá bá òun gbé ẹrù. Ọkọ mi dìde. Ó dúró, ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sóhùn. Gbogbo ìjọ ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, mo sì rí i pé kò lè gbé ẹsẹ̀.

Pásítọ̀ ní, “Màmá, kò sí ìyẹn nínú ìwé ìsìn wa. Ẹ kàn dá mi lóhùn.”

Ìyá dúró díẹ̀ sí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jókòó padà, ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde láàárín ìjókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ró lórí ilẹ̀ tí wọ́n rẹ́. Pásítọ̀ pe ẹni tó kàn. Wọ́n dá orin, mo sì kọ orin náà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí mo délé, ó ti bọ́ aṣọ funfun náà, ó ká a sórí ẹní mi dáadáa. Iṣu ló ń sè. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ọmọ rẹ̀.

Ó ní, “N kò bínú sí i. Ọrùn ẹ̀ ló ń dáàbò bò.” Ó yọ iṣu kan, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn, ìyàwó. Mo rò pé màá rí ẹ lẹ́yìn mi.”

Ọdún mẹ́rin ló tún lò láyé, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. N kò rí ìdáhùn kan fún un títí ó fi kú, n kò sì tíì rí i títí di òní.